Wáípà Àǹtí Kò Gbọ́ Ẹ̀bẹ̀

Kí Dókítà Wáyà tó fọwọ́ kan ọkọ̀ kankan, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bú ẹni tó ṣe é kẹ́yìn. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Rẹwáyà ni, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta, iná ọkọ̀ ló sì ti ń tún ṣe látìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì hù. Bí wọ́n bá gbé ọkọ̀ dé, á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á ká ọwọ́ sẹ́yìn, á wo inú rẹ̀ títí, á mi orí, á wá bi oníbàárà pé, "Ta ló ṣe iṣẹ́ yìí?" Oníbàárà lè dárúkọ ẹni náà, ó sì lè ní òun ò rántí mọ́. Èyí tó wù kó jẹ́, èébú ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Á ní ṣé wáyà ni onítọ̀hún ń so ni àbí ewúrẹ́. Á ní kí wọ́n lọ gba súkúdíráfà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó fi pààyàn. Á ní òun ò tiẹ̀ bá a wí, ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ tó sì ní ó ti mọ̀ ọ́n ṣe lòun ń bá wí.

Ọ̀gá tó kọ́ Dókítà fúnra rẹ̀ níṣẹ́ ló fi ìwà yìí sílẹ̀ fún un. Ọ̀gá yẹn gbà pé oníbàárà kì í fẹ́ mọ ohun tó ṣe ọkọ̀ òun. Ẹni tó sọ ọkọ̀ òun dà báyìí ló ń fẹ́ mọ̀. Bó bá ti rí ẹni tó máa di ẹ̀bi rù, ara rẹ̀ á balẹ̀, á lè dúró dìgbà tí iṣẹ́ máa parí. Ká sòótọ́, ọgbọ́n náà ń ṣiṣẹ́. Lójoojúmọ́ làwọn èèyàn ń jókòó sórí bẹ́ńṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù Dókítà láti gbọ́ èébú ọ̀fẹ́. Fọganáísà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti tirẹ̀ kì í jẹ́ kí ọ̀kan kọjá òun. Tíṣà àgbà, tó ti fẹ̀yìn tì tí kò sì mọ ohun tó máa fi ọ̀sán ṣe, máa ń gbé ìwé ìròyìn wá, ṣùgbọ́n ojú ìwé kan náà ló máa ń wà ní ṣíṣí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Ẹnì kan ṣoṣo ni èébú yẹn ò pa lẹ́rìn-ín mọ́. Kékeré ni, àbúrò Dókítà, ọmọ ìyá, ọmọ bàbá. Ìnagijẹ lásán ni Kékeré o, nítorí ọkùnrin náà ga ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ, ikùn rẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ dé ibi tó bá ń lọ. Ọdún méjìlá ni wọ́n fi jọ ṣiṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù kan. Ọdún kẹta rèé tí Kékeré ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní òdìkejì títì, ìṣísẹ̀ mẹ́rìnlá péré sí ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí wọn ò sì kí ara wọn. Bí Dókítà bá fẹ́ yá tẹ́sítà, Fọganáísà ló máa kọjú sí, á pariwo pé, "Bá mi sọ fún àwọn ará òdìkejì pé kí wọ́n yá wa ní tẹ́sítà." Kékeré náà á pariwo látibi tó jókòó sí pé, "Sọ fún wọn pé ó wà ńlẹ̀, kí wọ́n wá mú un." Fọganáísà kì í sọ ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn máa ń dìde lọ gbé tẹ́sítà ni.

Ọkọ̀ Àǹtí ló dá ìjà yìí sílẹ̀. Àǹtí ni ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, òun ló sì tọ́ àwọn méjèèjì lẹ́yìn tí ìyá wọn kú. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, wáípà ọkọ̀ rẹ̀ kọṣẹ́, kò mira rárá. Kékeré tú u wò. Ó ní kò sóhun tó ṣe mọ́tò wáípà, súwíìṣì rẹ̀ ló jóná nínú, òun sì ti ní kí wọ́n bá òun wá tuntun, ó di ọjọ́ kẹrin kó tó dé. Dókítà ò lè dúró de ọjọ́ kẹrin. Níṣojú oníbàárà méje, ó wo ọkọ̀ tó wà ní títú sílẹ̀, ó sì béèrè pé, "Ta ló ṣe iṣẹ́ yìí?" Ó kúkú mọ̀. Ó bú àbúrò rẹ̀ bó ṣe ń bú ará ìta, ó wá fi kún un pé bí ìyá àwọn bá lè jí wo iṣẹ́ yìí, á ní kó dá ọmú òun padà. Ẹ̀rín sọ. Kékeré nu ọwọ́ rẹ̀ ní ìka kọ̀ọ̀kan, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú báàgì, ó jáde. Dókítà wọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù lọ, kò tó wákàtí kan, wáípà ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Látọjọ́ náà, ìtàn tó ń sọ ò yí padà: àbúrò òun ba ọkọ̀ jẹ́, òun tún un ṣe. Ó sọ ọ́ títí òun fúnra rẹ̀ fi gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n àìsí Kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń dùn ún gan-an. Bó bá kan wáyà tó díjú, á ti la ẹnu láti pè é kó tó rántí. Ó wù ú kí ìjà náà parí, ibi tí ẹ̀bẹ̀ máa gbà jáde lẹ́nu rẹ̀ ni kò rí. Lójú tirẹ̀, ẹni tó jẹ̀bi ló yẹ kó sọdá títì, òun kọ́ ló sì jẹ̀bi.

Àǹtí ní tirẹ̀ ò fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun gbè sẹ́yìn ẹnì kan, ló bá fi oṣù pín ọkọ̀ náà fún wọn. Iná tó bá kú lóṣù yìí, Dókítà ni. Èyí tó bá kú lóṣù tó ń bọ̀, Kékeré ni. Oṣù Dókítà la wà nígbà tí wáípà bẹ̀rẹ̀ wèrè, tó tún wá jẹ́ pé dídúró ló kọ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

Òjò ò rọ̀, ìrì ò sẹ̀, oòrùn ń ta gan-an, àmọ́ wáípà méjèèjì ń lọ, wọ́n ń bọ̀ lórí gíláàsì gbígbẹ. Àǹtí tẹ súwíìṣì sísàlẹ̀, wọn ò dúró. Ó gbé e sókè, wọn ò dúró. Ó bẹ̀ wọ́n, wọn ò gbọ́. Ó pa ọkọ̀, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó ti ilẹ̀kùn, ó wẹ̀yìn, wáípà ń juwọ́ sí i. Ẹnì kan ló sọ fún un pé àfi kó máa tú orí bátìrì. Àǹtí ò mọ nǹkan tó ń jẹ́ ìtìjú níbi iṣẹ́. Ó ra sípánà nọ́ńbà mẹ́wàá, ó fi í sínú báàgì ọwọ́, láàárín hańkáṣíìfù àti awò ojú rẹ̀. Ibikíbi tó bá ti fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á tú orí bátìrì. Bó bá ń lọ, á dì í padà. Níwájú báńkì, ọlọ́dẹ sáré bá a, ó rò pé màmá arúgbó ń jí ọkọ̀ gbé. Àǹtí ní bó bá rò bẹ́ẹ̀, kó di sípánà mú, kó bá òun jí i kíá.

Rọ́bà wáípà tó ń ha gíláàsì gbígbẹ ń ké tí eyín fi ń dun èèyàn, nítorí náà ó gbé ìgò omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó. Ní gbogbo oríta ló ń na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, tó ń da omi sí gíláàsì. Ní àdúgbò tó wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn, ìyàwó ilé mẹ́ta rí ọkọ̀ tí omi ń ṣàn lójú rẹ̀ tí wáípà sì ń nù ún, ni wọ́n bá sáré kó aṣọ tí wọ́n sá wọlé. Ọkùnrin kan dá a dúró, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, àdúgbò wo ló ti ń rọ̀?" Àǹtí ní inú ọkọ̀ òun ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ọjọ́ Túsìdeè, ó gbé ọkọ̀ náà síwájú ṣọ́ọ̀bù Dókítà. Àwọn tó wà lórí bẹ́ńṣì sún mọ́ra.

"Àǹtí, ẹ káàbọ̀," ni Dókítà wí. "Ṣé òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ yín ni?"

"Ohun tí gbogbo ayé ń bi mí nìyẹn. Má fi tìẹ kún un." Ó bọ́ sílẹ̀, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn nọ́ọ̀sì ni, gbogbo bẹ́ńṣì ló gbọ́. "Sátidé ni mò ń lọ bá ọmọ mi gbé. Ọ̀nà jìn, mi ò sì mọ̀gbà tí màá tún padà. Tún ọkọ̀ yìí ṣe kí n lè rí ọ̀nà lọ. Ti ìwọ àti ẹni tó wà lódìkejì yẹn, mi ò mọ sípánà tí wọ́n fi ń tú u. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi yín sílẹ̀ báyìí, ó dùn mí, ó dùn mí púpọ̀."

Dókítà yíjú sí ọkọ̀. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn. Ní òdìkejì, Kékeré ń fi tẹ́sítà wo bátìrì kan tó ti kú látàná, ó sì ń wò ó lọ.

"Ta ló ṣe iṣẹ́ yìí?" ni Dókítà béèrè. Kò dúró gbọ́ ìdáhùn. Ó gbé ohùn sókè kó lè dé òdìkejì, ó ní ẹni tó ṣe iṣẹ́ yìí, ọwọ́ òsì méjì ló gbé wáyé. Fọganáísà ti ń fi aṣọ nu ojú nítorí ẹ̀rín.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Dókítà tú súwíìṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárì, ó fà á jáde pátápátá, ó gbé e sọ́wọ́, ó gbé e sókè fún gbogbo èèyàn láti rí. Wáípà ń lọ, ó ń bọ̀. Ó ní kò burú, fíùsì ni. Ó yọ fíùsì wáípà. Wáípà ò dúró, họ́ọ̀nù ló kú. Ó yọ èyí tó tẹ̀ lé e, iná iwájú kú. Ó yọ ẹ̀kẹta, ẹ́ńjìnnì kú. Ó bínú, ó yọ gbogbo fíùsì tó wà nínú ọkọ̀ náà, ó tò wọ́n sórí aṣọ. Nínú ọkọ̀ náà, rédíò ò sọ̀rọ̀, fáànù ò fẹ́, ohunkóhun ò tanná mọ́. Wáípà nìkan ló wà láyé.

"Dókítà," ni Tíṣà àgbà wí, tó gbé ìwé ìròyìn kúrò lójú fúngbà àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ yẹn, "kí wá ló ń gbé e?"

"Ẹ jẹ́ kí n rímú mí, Tíṣà."

"Bóyá ó ti mọ́ ọn lára ni," ni Fọganáísà wí.

Ó yọ rílé, ẹ̀rọ kékeré tó ń tan iná wáípà tó sì ń pa á, pàbó. Ó di apá wáípà mú, wáípà gbọn ọwọ́ rẹ̀ nù. Àǹtí da omi sí gíláàsì, ó ní igbe rẹ̀ ń dun òun létí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ibẹ̀, Dókítà mọ̀ pé wáyà kan wà nínú ọkọ̀ yìí tí kì í ṣe ti àwọn tó ṣe ọkọ̀. Ẹnì kan ti fa iná láti orí bátìrì tààrà, ó gba ẹ̀yìn gbogbo fíùsì kọjá. Iṣẹ́ ìwàǹwára ni. Inú rẹ̀ dùn, nítorí irú iṣẹ́ yẹn lèébú rẹ̀ máa ń dùn jù.

"Mo ti mú un!" ló wí. "Ẹ jẹ́ kí n wọlé lọ bá a. Màá fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn yín." Ó tẹjú mọ́ òdìkejì bó ṣe sọ ìyẹn. Ó dọ̀bálẹ̀, ó yí ẹ̀yìn sílẹ̀, ó ki orí bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nìkan ló kù síta.

Ó fi tọ́ọ̀ṣì wò ó. Wáyà náà rèé lóòótọ́, ó gba inú ihò kan wọlé, ó bọ́ sínú rílé kékeré kan tí wọ́n fi pamọ́ sẹ́yìn rédíò. Inú rílé náà ti jó, ó ti lẹ̀ mọ́ra, kò lè já iná mọ́. Dókítà fọwọ́ tẹ̀ lé wáyà náà dé ibi tí wọ́n ti so ó. Wọn ò fi téèpù dì í. Tiúbù kẹ̀kẹ́ pupa, tí wọ́n gé tẹ́ẹ́rẹ́, ni wọ́n fi wé e, ẹ̀ẹ̀mẹta, wọ́n sì ta á ní kókó sápá òsì.

Nínú gbogbo àdúgbò yẹn, rẹwáyà kan ṣoṣo ni kò gba téèpù gbọ́. Rẹwáyà kan ṣoṣo ló ń gé tiúbù kẹ̀kẹ́ pupa, ẹ̀yìn rẹ̀ ló sì wà nílẹ̀ ọkọ̀ Àǹtí yìí.

Gbogbo rẹ̀ wá padà sí i lójú. Wákàtí kan tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un yẹn, kò tún súwíìṣì ṣe, kò tún nǹkan kan ṣe. Ó fa iná tààrà ni kó lè borí níṣojú èèyàn. Àwọn tó pàtẹ́wọ́ ti gbàgbé ẹ̀. Òun náà ti gbàgbé. Wọ́n kúkú ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

"Dókítà, ta ni?" ni Fọganáísà ké láti ìta.

Dókítà pa tọ́ọ̀ṣì.

"Ó... ó ṣòro láti mọ̀," ni ohùn rẹ̀ jáde.

"O ò sọ bẹ́ẹ̀ rí láti ọdún tí mo ti ń jókòó síbí," ni Tíṣà àgbà wí.

Bó bá dárúkọ Kékeré, kò sẹ́ni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ti ń retí orúkọ yẹn. Á já tiúbù pupa náà, á jù ú sápò, ọ̀rọ̀ parí. Ó tiẹ̀ ti di kókó náà mú. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ Àǹtí ló rí láti ibi tó wà, nínú bàtà nọ́ọ̀sì àtijọ́ tó ṣì ń wọ̀, ẹsẹ̀ tó ń wú, tó dúró sínú oòrùn. Ó rántí Sátidé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ara rẹ̀ jáde, ó forí gbá sítíárì, ó dìde dúró, eruku bo irun rẹ̀.

"Èmi ni," ló wí.

Fọganáísà bú sẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà ni.

"Mo ní èmi ni. Kékeré ò fọwọ́ kan wáyà yìí. Iṣẹ́ mi ni."

Wáípà nìkan ló ń ké. Àwọn tó wà lórí bẹ́ńṣì ń retí èébú tó máa ń tẹ̀ lé e, nítorí láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, kò tíì mú ọ̀daràn kó má bú u.

"Ó dáa," ni Àǹtí wí. "Bú u, nígbà náà."

"Àǹtí..."

"Bú u. Bó o ṣe bú ọmọ yẹn níjọ́sí. Ìyá kan náà ló fún yín lọ́mú."

Dókítà la ẹnu. "Ẹni tó ṣe iṣẹ́ yìí," ló bẹ̀rẹ̀, "ẹni tó ṣe iṣẹ́ yìí..." Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kẹta. Ọkùnrin tí kì í wá èébú tì, tó lè bú mẹkáníìkì tí kò rí rí láti ìdajì wákàtí dé wákàtí kan, kò rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ju súkúdíráfà sórí ìjókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọdá títì. Ọ̀kadà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a, kò tiẹ̀ mọ̀.

Kékeré ṣì tẹ tẹ́sítà mọ́ bátìrì tó ti kú.

"Wáyà tó wà nínú ọkọ̀ Àǹtí," ni Dókítà wí, "èmi ni mo fà á."

"Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

"O mọ̀ bí báwo? Láti ìgbà wo?"

"Láti èṣí. Oṣù tèmi ni iná ẹ̀yìn ọkọ̀ náà kú. Mo rí tiúbù pupa yín."

"Kí ló dé tó ò sọ?"

Kékeré wá gbójú sókè. "Ta ni kí n sọ fún? Ṣé ẹ̀yin? Wáípà ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn. Bí mo bá fọwọ́ kàn án, tó sì bàjẹ́, èmi náà lẹ máa tún bú."

Dókítà mọ̀ pé òótọ́ ni. "Má bínú," ló wí níkẹyìn, ohùn rẹ̀ kéré débi tí Fọganáísà fi na ọrùn lódìkejì. "Mo ṣẹ̀ ọ́. Mo bú ọ níṣojú èèyàn, ìwọ lo sì mọ ohun tó ò ń ṣe. Jọ̀ọ́, má bínú sí mi."

Kékeré fa dúrọ́ọ̀ abẹ́ tábìlì rẹ̀, ó wá inú rẹ̀, ó mú súwíìṣì wáípà kan jáde, tuntun, ó ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi dì í wá. Eruku ọdún mẹ́ta wà lórí rẹ̀.

"Ọjọ́ kẹrin ló dé," ló wí, "bí mo ṣe sọ."

Wọ́n jọ sọdá. Àwọn méjèèjì ki orí bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù láti ẹnu ilẹ̀kùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ikùn Kékeré ò sì jẹ́ kó wọlé tán, Dókítà ló ń na irinṣẹ́ sí i. Wọ́n tú orí bátìrì, wọ́n fa wáyà ìwàǹwára yẹn jáde. Wọ́n dá fíùsì padà sáyè wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi súwíìṣì tuntun síbẹ̀. Wọn ò sọ̀rọ̀ tó pọ̀: "gbé iná wá," "di ibẹ̀ mú," "ó ti tó." Nígbà tí wọ́n di orí bátìrì, wáípà lọ lẹ́ẹ̀kan, ó bọ̀, ó sùn sísàlẹ̀ gíláàsì. Àǹtí tan án, ó pa á. Ó tún tan án, ó tún pa á. Ó jókòó sẹ́yìn sítíárì fún ìgbà díẹ̀, ó ń fi hańkáṣíìfù nu ojú, kò sì sẹ́ni tó bi í pé kí ló dé.

Lẹ́yìn tó wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ, Kékeré ń kó irinṣẹ́ jọ.

"Padà wá," ni Dókítà wí. "Ààyè rẹ ṣì wà níbẹ̀."

"Rárá, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má bínú, ibi tí mo wà ti mọ́ mi lára." Ó gbé báàgì kọ́ èjìká, ó sì sọdá lọ. Ó dun Dókítà, ṣùgbọ́n kò lè sọ pé kò tọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dé ṣọ́ọ̀bù kí ẹnikẹ́ni tó dé. Ó tẹ̀ síwájú láti ṣí ilẹ̀kùn, ló bá gbọ́ ohùn láti òdìkejì títì.

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

Dókítà kọjú sí ilẹ̀kùn, ó ń wá kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí kò fẹ́ kí àbúrò òun rí ojú òun. Ó ní, "Káàárọ̀, àbúrò mi. Mo sùn dáadáa."